Kí Ló Dé Tí A Kò Lè So Iṣan Ọ̀pá Ẹ̀yìn Bí Oníṣẹ́ Iná Ṣe Ń So Wáyà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo rí fídíò ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ rọ láti ọrùn lọ sílẹ̀, tí ó sì ń fi ọpọlọ nìkan darí kọ̀ǹpútà, kódà ó ń ta ayò chess lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní jàǹbá ọ̀kadà ní ọdún méjì sẹ́yìn; ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó fi ṣèṣe, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Oníṣẹ́ iná ni èmi. Bí wáyà bá já nínú ògiri, màá wá ibi tí ó ti já, màá so ó pọ̀, iná á sì tàn. Bí ẹ̀rọ bá ti lè gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ, kí ló dé tí wọn kò fi lè fi wáyà so ibi tí ó já ní ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé owó ni kò sí ni, tàbí ìmọ̀ ni kò tíì tó?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín o, ẹ sì kú ìfaradà. Inú mi dùn pé oníṣẹ́ iná ni ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó fún mi láàyè láti sọ ọ́ dé ibi tí ó ti le gan-an. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó le jù, kì í sì í ṣe owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà níbẹ̀, màá sì dé orí rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ ni ó le: ibi tí irin ti pàdé ẹran ara tí ó wà láàyè, tí omi iyọ̀ sì yí i ká. Láti nǹkan bí 70 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú ìsopọ̀ yẹn ni wọ́n ń bá wọ̀ yá ìjà.

Iṣan tí mò ń wí níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kì í sì í ṣe èyí tí ń mú apá le. Èyí tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí ara, tí ara sì fi ń dá èsì padà, ni mò ń wí. Òótọ́ ni pé iná mànàmáná ni ó fi ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Luigi Galvani, ní ìlú Bologna ní Ítálì, rí i pé ẹsẹ̀ àkèré tí ó ti kú máa ń ta nígbà tí irin àti bàbà bá kan iṣan rẹ̀, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1791. Ṣùgbọ́n iná inú iṣan kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀ nínú wáyà. Nínú wáyà bàbà, àwọn electron, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-ín-tín tí ń gbé iná, ni ó ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú iṣan, kò sí electron kankan tí ń rìn lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà iyọ̀ tí ó ti yọ́ sínú omi ara, sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù, ni ó ń wọlé tí ó sì ń jáde gba awọ ẹ̀gbẹ́ iṣan náà, láti inú àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké tí ń ṣí tí ó sì ń tì.

Nígbà tí iṣan bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, inú rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún fóóltì kéré sí òde rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, ẹnu ọ̀nà sódíọ̀mù yóò ṣí, sódíọ̀mù yóò ya wọlé, fóltéèjì yóò fò sókè ní nǹkan bí ìdá 100 nínú ẹgbẹ̀rún fóóltì, pọtásíọ̀mù yóò sì jáde láti dá a padà sí ipò rẹ̀. Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Fífò yẹn ni ó ń jí àwọn ẹnu ọ̀nà tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ni ó ṣírò rẹ̀ délẹ̀ ní ọdún 1952. Iṣan ẹran omi òkun kan tí wọ́n ń pè ní squid ni wọ́n lò, nítorí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí wáyà tín-ín-rín lè wọ inú rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1963.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé iṣan kì í ṣe ọ̀nà lásán tí iná ń gbà kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iná náà lọ́tun-lọ́tun ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ náà bá dé, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàyè kí ó tó lè ṣe é. Wáyà yín tí ó já, ojú méjèèjì rẹ̀ dúró níbẹ̀, wọ́n ń retí yín, ìbáà ṣe ọdún mẹ́wàá. Iṣan kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn iṣan kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìrù gígùn ara sẹ́ẹ̀lì kan. Bí ó bá já, apá tí kò sí lọ́dọ̀ ìyá sẹ́ẹ̀lì mọ́ yóò kú láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní apá àti ẹsẹ̀, apá tí ó kù lè tún hù, ní nǹkan bí mìlímítà kan lójúmọ́, ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi lè rán iṣan ọwọ́ tí ọ̀bẹ gé, kí aláìsàn sì máa retí fún oṣù púpọ̀. Nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìhùpadà yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀: àpá á bo ojú ọgbẹ́ náà, àwọn èròjà kan tí ó wà níbẹ̀ á sì máa dí iṣan lọ́wọ́ láti hù kọjá. Ẹ tún ro ti iye rẹ̀. Okùn iṣan tí ó ń gbé àṣẹ ìrìn láti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ nìkan ju mílíọ̀nù kan lọ, gbogbo wọn sì wà nínú ohun tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, láìsí àwọ̀ pupa tàbí dúdú tí ènìyàn lè fi dá wọn mọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìròyìn búburú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn nítorí a ó padà sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹni náà ti ṣèṣe, àwọn tí ń bá ẹran ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tààrà, sábà máa ń wà láàyè. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nísinsìnyí, báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣan? Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ti Peter Fromherz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì. Ní ọdún 1991, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì iṣan kan láti ara eṣúṣú, wọ́n gbé e lé orí transistor silicon, ẹ̀yà kékeré tí ń ṣí ọ̀nà fún iná tí ó sì ń dí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé nígbàkigbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ta, ìyẹn nígbà tí fóltéèjì rẹ̀ bá fò bí mo ṣe wí lókè, iná tí ń gba inú transistor náà ń yí padà. Ẹ mọ̀ pé fóltéèjì ẹnu ọ̀nà transistor ni ó ń darí iná inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì alààyè rọ́pò wáyà tí à bá fà sí ẹnu ọ̀nà náà. Ní ọdún 1995, wọ́n yí i padà: chip, ìyẹn ègé silicon náà, ni ó wá sọ̀rọ̀, sẹ́ẹ̀lì eṣúṣú sì dáhùn. Omi iyọ̀ tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì àti silicon tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú agbára náà ń ṣòfò sí. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń gbìyànjú láti sọ irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rọ tí à ń lò. Ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú wọn, Oshiorenoya Agabi, tí ó gbé ẹ̀rọ Koniku Kore jáde ní Arusha ní Tansaníà ní ọdún 2017, tí ó ní sẹ́ẹ̀lì iṣan alààyè nínú, tí ó sì sọ pé yóò lè gbóòórùn àdó olóró.

Nínú ọpọlọ ènìyàn, ẹ̀rọ kò lè gbé sẹ́ẹ̀lì lé orí chip. Ẹ̀bá wọn ni yóò fi etí sí. Èyí tí wọ́n lò jù nínú ìwádìí ni abẹ́rẹ́ silicon tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà: pátákó kékeré tí kò ju mìlímítà 4 níbùú lóròó, tí abẹ́rẹ́ bí ọgọ́rùn-ún kan tò sí lára, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mìlímítà 1 sí 1.5. Wọn a gún un wọ apá ọpọlọ tí ń pàṣẹ fún ọwọ́. Nítorí pé ìta sẹ́ẹ̀lì ni orí abẹ́rẹ́ wà, ohun tí ó dé ibẹ̀ kéré gan-an: bí ẹ bá pín fóóltì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 50 sí 500 nínú rẹ̀ ni. Iná ọkàn, iná ẹran ojú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun, àti iná 50 hertz tí ń wá láti inú wáyà ilé, gbogbo wọn lè bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà ni amplifáyà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ abẹ́rẹ́ náà gan-an, kí ariwo tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sì kéré ju ohun tí ó ń gbọ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ó ń wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín abẹ́rẹ́ kan àti irin mìíràn tí wọ́n fi ṣe àfiwé, kí ohun tí ó bá kan àwọn méjèèjì bákan náà lè pa ara rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn a sẹ́ ìró ìsàlẹ̀ àti ìró òkè kúrò, wọn a sì máa wo ohun tí ó ṣẹ́kù ní nǹkan bí ìgbà 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti tún rédíò ṣe rí yóò mọ̀ pé kò sí idán kankan nínú èyí. Ìṣọ́ra ni.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọlé ni pé ó ń ka iye ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ta. Apostolos Georgopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní ọdún 1982 pé sẹ́ẹ̀lì apá ọpọlọ yìí ní ìhà tí ó fẹ́ràn: ọ̀kan a ta jù nígbà tí ọwọ́ bá ń lọ sókè, òmíràn nígbà tí ó bá ń lọ sí ọ̀tún. Wọn a ní kí aláìsàn gbìyànjú láti gbé ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbé mọ́, kọ̀ǹpútà a sì kọ́ bí títa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe bá ìhà kọ̀ọ̀kan mu. Ọ̀nà yìí ni Matthew Nagle, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí ọ̀bẹ gé okùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, fi darí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2004 nínú ìwádìí BrainGate. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri: ẹ̀rọ náà kì í ka èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Ìgbìyànjú láti gbé apá ni ó ń kà, ẹni náà ni ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ gbìyànjú.

Sísọ̀rọ̀ padà sí iṣan léwu ju gbígbọ́ lọ. Bí ẹ bá ki wáyà méjì bọ omi iyọ̀, tí ẹ so wọ́n mọ́ bátìrì, ẹ ó rí i tí ó ń hó. Omi ń yà sí afẹ́fẹ́, irin sì ń jẹ. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú ẹran ara, yóò sì jó iṣan náà pa. Èyí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé iná tí sákíìtì bá tì wọlé, ó gbọ́dọ̀ fà á jáde padà ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ lójú ẹsẹ̀, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà tún sábà máa ń fi kapásítọ̀ sí ojú ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé bí sákíìtì bá tilẹ̀ bàjẹ́, iná tààrà kò ní lè kọjá sínú ara. Ojú irin tí ó kan ara sábà máa ń jẹ́ platinum, nítorí kì í tètè jẹ.

Ibi tí sísọ̀rọ̀ yìí ti kẹ́sẹ járí jù ni etí. Ní Paris ní ọdún 1957, André Djourno àti Charles Eyriès fi wáyà kan iṣan etí ọkùnrin kan tí kò gbọ́ràn mọ́, ó sì gbọ́ ìró. Graeme Clark, ní Melbourne ní Ọsirélíà, fi ẹ̀rọ tí ó ní ojú irin púpọ̀ sí etí aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1978. Ẹ̀rọ irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò lónìí ní ojú irin 22, nígbà tí okùn iṣan etí ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 30,000. Mo máa ń dúró lórí ìṣirò yìí nígbà tí mo bá ń kọ́ni. Ojú irin 22 péré, síbẹ̀ ọmọ tí a bí ní adití, tí wọ́n tètè ṣe é fún, lè gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ó sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kò ṣe tó ìdajì iṣẹ́ náà. Ọpọlọ ni ó kọ́ láti fi ìwọ̀nba tí wọ́n fún un ṣe ọ̀rọ̀. Ìrètí tí mo ní fún irú àwọn tí ó wà nípò ẹ̀gbọ́n yín, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ìṣòro tí ó tún kù ni ti gbígbé inú ara fún ọdún pípẹ́. Omi iyọ̀ yóò wá gbogbo ojú ihò, nítorí náà inú àpótí titanium tí wọ́n dí pátápátá ni sákíìtì máa ń wà, a sì máa ń gba agbára láìsí wáyà tí ó gba awọ kọjá, kí kòkòrò àrùn má baà rí ọ̀nà wọlé. Ojú àpótí náà kò gbọ́dọ̀ fi ju dígíríì 2 gbóná ju ara lọ. Ọpọlọ rọ̀, silicon le. Ọpọlọ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èémí àti ìlù ọkàn, ara a sì hu àpá yí abẹ́rẹ́ náà ká, ohùn tí ó ń gbọ́ a sì máa rẹlẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọkùnrin tí ẹ rí tí ó ń ta ayò chess, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Noland Arbaugh, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Neuralink sí lórí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 64 ni wọ́n fi wọ ọpọlọ rẹ̀, láìpẹ́ púpọ̀ nínú wọn sì fà jáde kúrò ní àyè wọn, tí ó fi di pé wọ́n ní láti tún bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ìyókù ṣe kí ó tó lè lò ó dáadáa padà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tí ẹ béèrè ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Wọn kò so ibi tí ó já. Wọ́n ń fo ibẹ̀ kọjá. Ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, Bill Kochevar, tí ara rẹ̀ ti rọ láti èjìká lọ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn jàǹbá kẹ̀kẹ́, gba abẹ́rẹ́ sí ọpọlọ àti wáyà sí ẹran apá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń gba àṣẹ lókè, ó sì ń fi iná ta ẹran apá náà nísàlẹ̀, títí ó fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Wọ́n tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2017. Ní Lausanne ní Swítsáláǹdì, Grégoire Courtine àti Jocelyne Bloch ṣe ti ẹsẹ̀ fún Gert-Jan Oskam, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2023: irin méjì lókè ọpọlọ, tí wọn kò gún wọ inú rẹ̀, ń gbọ́ ìgbìyànjú rẹ̀ láti rìn, irin mìíràn lórí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ibi tí ó ti ṣèṣe ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ó dìde, ó rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ó gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ìdánrawò púpọ̀, ó tilẹ̀ lè fi ọ̀pá rìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n okùn ọ̀pá ẹ̀yìn tirẹ̀ kò já tán. Díẹ̀ ṣẹ́kù tí ó ṣì ń gbé iṣẹ́ kọjá.

Ti owó wá kù. Ìwádìí ni àwọn iṣẹ́ méjèèjì yìí ṣì jẹ́, kì í ṣe ìtọ́jú tí ènìyàn lè lọ rà. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ara sì nílò ilé iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Second Sight ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ ojú Argus II, tí ó ní ojú irin 60, fún àwọn afọ́jú. Ó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2019, owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí ẹ̀rọ náà wà lójú wọn kò sì rí ẹni tí yóò bá wọn tún un ṣe. Ó dùn mí gan-an. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun fi ẹ̀rọ so ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yín padà, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ìwádìí tòótọ́ kì í sábà gba owó lọ́wọ́ aláìsàn.

Ohun tí ẹ lè ṣe nísinsìnyí ni pé kí ẹ bi dókítà rẹ̀ bóyá ibi tí ó ti ṣèṣe já tán tàbí ó ṣẹ́kù díẹ̀. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n nípa yíyẹ ìmọ̀lára awọ ara àti ti ìdí wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ìdánrawò ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì máa yí i padà déédéé kí egbò má baà yọ sí i lára, nítorí ẹsẹ̀ tí oríkèé rẹ̀ ti gan kò ní lè jàǹfààní ẹ̀rọ kankan bí ó bá dé lọ́la. Ẹ bi àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ìdánrawò bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ FES, tí ń fi iná ta iṣan ẹsẹ̀ láti orí awọ kí ẹran rẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ̀rọ TENS tí wọ́n ń tà fún ìrora kì í ṣe òun. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yóò yá láti ṣe irú rẹ̀ fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò: awọ tí kò mọ ìrora lè jó láìjẹ́ pé ó mọ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé òkè àyà tàbí ọrùn ni ó ti ṣèṣe, irú iná bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé ibi tí ó léwu fún ẹ̀mí. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí yóò máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún un.